Yàrá Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ibi tí a ti ń dúró de mọ́tò Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìjòkú ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọkùnrin kan àti ìyá àgbà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà lódìkejì títì ni wọ́n ń wò.

“Ìyá, ẹni tó fẹ́ rà á ò ní wó o. Ó ní òpó àti fèrèsé ẹ̀ jọ tàwọn ará Ítálì ayé àtijọ́. Ẹni tó yàwòrán ilé yẹn mọṣẹ́. Yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló ti ṣàṣìṣe: kò ní fèrèsé, kò gba bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n máa gbẹ́ ẹ, wọ́n á fi ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀.”

“Kàdúná lo dàgbà sí, mi ò bá ẹ wí. Nígbà tí ọkùnrin tó yàwòrán ilé yẹn gbé e dé láti Èkó, bàbá mi tó fẹ́ kọ́lé wò ó títí. Wọ́n ní ó rẹwà, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n máa sin àwọn sí? Ó ká àwòrán ẹ̀, ó padà lọ. Ìgbà tó tún máa dé, ó ti ya yàrá yẹn sí i.”

“Ṣé ibẹ̀ ni bàbá àgbà wà ni?”

“Nínú gbogbo ilé yẹn, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹnu ara wọn bèèrè.”