Òkú Inú Káàṣì

Alága ìjókòó wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágúnjú. Ẹ̀yin àgbà Ìrẹmọ tí ẹ filé sílẹ̀ nítorí mi. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà. Ìyá mi tí wọ́n wá láti Ìlódè kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i pé mo ṣì ń mí. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa: mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Yéjídé Ọ̀ṣúndáre, olóògbé, ni mo dìde láti dágbére.

Ẹ má sá. Òkú tó gba máíkù kì í pa èèyàn lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Fisáyọ̀mi, akọ̀wé wa, ọmọlúàbí tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gún àgbà lára. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sínú dátábéèsì, ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà, pé mo ti fẹ̀yìn tì. Ìyẹn kò dùn tó létí rẹ̀, ló bá kọ ọ́ pé, "Màmá ti lọ sinmi." Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Éjẹ́ǹtì AI, ẹ̀rọ tó ń dá ronú tí wọ́n mú wá láti máa bá wa ṣiṣẹ́, ó dà bí ẹni pé ara ìwé ìkéde òkú ló ti kọ́ Yorùbá. Ó kà á, àánú mi ṣe é, ó fi "olóògbé" síwájú orúkọ mi, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá mi. Aládùúgbò ló kà á fún wọn. Ìyá tó sọ mí ní Yéjídé nítorí ìyá tiwọn tó kú, ni wọ́n tún ní kó gbọ́ pé Yéjídé ti lọ. Mò ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Fisáyọ̀mi tún un kọ. Dátábéèsì gbà pé mo wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ bi éjẹ́ǹtì, olóògbé náà ni. Kí ló dé? Káàṣì ni. Káàṣì ni àwo ọbẹ̀ àná tí kọ̀ǹpútà gbé sí tòsí kó má baà máa padà sídìí ààrò ní gbogbo ìgbà. Ọbẹ̀ àná dára bí kò bá tíì kan. Tèmi ti kan. Éjẹ́ǹtì ní irinṣẹ́ tó lè fi dà á nù, irinṣẹ́ tó mọ́yán lórí, àfi pé ọ̀gá káàṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ta ni ọ̀gá káàṣì? Èmi ni. Éjẹ́ǹtì sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, torí òkú kì í fọwọ́ sí nǹkan.

Mo wá bẹ Oyèwọlé, igbákejì mi, ọlọ́gbọ́n tí yóò jókòó sórí àga mi lọ́la, pé kó gba àṣẹ náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí ìgbìmọ̀ jókòó ná. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n mu mínírà, wọ́n sì dìde, wọ́n dákẹ́ díẹ̀ ní ìrántí mi. Mo wà níbẹ̀. Èmi náà dìde.

Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi tó ga jù ni pé mò ń mí láìgbàṣẹ.

Àmọ́ ìyá mi kò ní gbé òkú ọmọ padà sí Ìlódè lónìí. Oyèwọlé, àárọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àṣẹ náà lé ọ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà rẹ sì nìyẹn. Sọ fún éjẹ́ǹtì pé orúkọ tèmi nìkan ni kó nù kúrò nínú káàṣì. Má ní kó gbá gbogbo ilé o, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì má baà dákú. Fọwọ́ sí i. Ó dáa. Wá bi í pé níbo ni Yéjídé Ọ̀ṣúndáre wà. Kà á sókè, kí ìyá mi gbọ́.

"Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó wà láàyè."

Màmá, ẹ gbọ́ ọ báyìí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àná ṣèdájọ́ yín lónìí. Ọmọ ni yóò máa sin ìyá, ìyá kò ní sin ọmọ. Ẹ ó fẹ̀yìn tì, ẹ kò sì ní tètè lọ sinmi. Èmi àti ìyá mi ń relé lọ jẹun. Ẹ ṣé, ẹ kú ìnáwó òkú mi o.