Àwa Ni Wọ́n Fi Ń Jà

Lẹ́yìn tí ọjà tẹlifíṣọ̀n dẹnu kọlẹ̀, nínú ìlà bọ́ọ̀sì tó ń ti Sharjah lọ sí Dubai, mo gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin kan tó ń polówó tẹlifíṣọ̀n OLED ní ṣọ́ọ̀bù ń sọ fún obìnrin àgbà tó dúró níwájú rẹ̀, inú sì ń bí mi di òní.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n máa sọ fún kọ́sítọ́mà pé dúdú inú tẹlifíṣọ̀n ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa díje kì í ṣe dúdú gidi, pé eérú ni."

"Ṣé eérú ni lóòótọ́?"

"Eérú bàbá ta ni! Engineer ṣọ́ọ̀bù wa tú tẹlifíṣọ̀n méjèèjì lójú mi. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe gíláàsì wọn. Àwọn tó ń bú ara wọn lórí pátákó, wọ́n ń rajà lọ́wọ́ ara wọn lábẹ́lẹ̀!"

"Áà! Àwọn ọ̀gá jọ ń jẹun, ẹ̀yin ń bú ara yín lójú ọjà."

"Ẹ tún gbọ́. Ọmọ tó ń polówó tòdìkejì, yàrá kan la jọ ń gbé ní International City ní Dubai, ìkòkò kan la fi ń se ìrẹsì. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó dojú kọ ara wa ní ṣọ́ọ̀bù, a ó máa parọ́. Màníjà ṣọ́ọ̀bù ní ẹni tó bá tà jù lọ́sẹ̀ yìí ló máa ṣẹ́kù sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kejì, khalas, visa ẹ̀ ti parí. Wọn ò bá ara wọn jà, Ẹ̀gbọ́n. Àwa ni wọ́n fi ń jà."

Bọ́ọ̀sì dé.

"Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà kí n rí tà."

"Kí ọ̀rẹ́ ẹ má rí tà, àbí?"

Ọmọbìnrin náà wọ bọ́ọ̀sì.