Ìdí Dẹ́ríkà Tí Mo Lù Wọnú

Sàrátù tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Àpápá ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹni tó ń ra ìrẹsì ní dẹ́ríkà-dẹ́ríkà, ìyà ló ń fi owó rẹ̀ rà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dáwó ra odindi àpò ní ọjà Creek Road, ká pín in." Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ tèmi náà kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.

Àwa obìnrin mẹ́rin nínú àgbàlá wa ní Ajégúnlẹ̀, èmi, Sàrátù, Ràdíátù àti Nneka, la jọ ń pín in. Èmi ni mo dàgbà jù, èmi ni wọ́n ní kí n máa wọ̀n ọ́n. Iye dẹ́ríkà kan náà ló ń kan oníkálukú, ẹni tó bá sì wọ̀n ọ́n ló ni èyí tó bá kù nísàlẹ̀ àpò. Ojúkòkòrò wọ̀ mí. Mo mú ọmọ odó, mo lu ìdí agolo dẹ́ríkà náà wọnú, mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Bí ìsàlẹ̀ àpò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nìyẹn.

Ara ń fu Ràdíátù. Bó bá ru ìrẹsì tirẹ̀, á máa bojú wẹ̀yìn wo agolo títí dé ẹnu ọ̀nà. "Màmá Báyọ̀, agolo yìí ò ti kéré báyìí?" Mo ní ojú rẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì.

Èyí tó burú jù rèé. Ìrẹsì Ràdíátù tán kí oṣù tó parí, ó ní Zulfah ọmọ rẹ̀ ló ń bù ú tà. Ọmọ náà ń sunkún, "Mi ò fọwọ́ kàn án, màámi." Èmi àgbàyà, mo ní, "Bá a wí dáadáa, àwọn ọmọ ìsinsìnyí." Ó nà án lójú mi.

Zulfah yìí kan náà ló wá ń kọ́ mi níwèé. Lọ́jọ́ tó di ọwọ́ mi mú tí mo kọ orúkọ ara mi tán, ó ní, "Ẹ ti mọ̀ ọ́n, mà." N kò lè sùn.

Nígbà tí a tún fẹ́ pín ìrẹsì, mo dojú agolo délẹ̀ níwájú gbogbo wọn àti Zulfah, kí wọ́n rí ìdí rẹ̀ tó wọnú. "Èmi lolè. Zulfah, foríjì mí."

Nneka ní, "Mama Báyọ̀, so na you dey chop our rice."

"Abájọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín fi ń dán," ni Sàrátù wí.

Mo gbé gbogbo ìrẹsì ilé mi fún Ràdíátù. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Ó wá wọlé lọ mú agolo tó dára jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ wọ̀n ọ́n, mà."

Mo wọ̀n ọ́n títí ó fi ga bí òkìtì. Oṣù náà, kò sí ìkòkò tó gbẹ nínú àgbàlá wa. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ máa dáwó ra nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rẹ́ ara yín jẹ. Nígbà tí a tún pín in, Ràdíátù ru tirẹ̀, ó di Zulfah lọ́wọ́ mú, ó jáde lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.