Ọjọ́ Tí Ṣadé Gbọ́ Orúkọ Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó lu etí sí wa lórí. Lónìí, mi ò wá dúpẹ́ oúnjẹ, mi ò wá dúpẹ́ aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fún mi ní méjèèjì. Etí ni mo wá dúpẹ́ fún. Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Mi ò dúró níwájú ìjọ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ṣadé tí ń ṣe búrẹ́dì lójú ọ̀nà Ìjerò, níbi tí àwọn lọ́rì máa ń dúró sí kí wọ́n tó jáde ní Aràmọkọ yìí. Ẹ mọ Ṣadé náà. Àmọ́ ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má bínú sí mi o, kì í ṣe òótọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n sí ọmọ tí a ń pè tí kì í dáhùn. Ẹ mọ̀ ọ́n sí ọmọ tí ń kùn bí oyin dípò kó sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní olóríkunkun ni. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ò pé. Èmi tí mo bí i pàápàá, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo na ọmọ yìí. Mo rán an pé kó mú aṣọ wá fún mi, kí n fi bo ìyẹ̀fun tí mo pò. Ó wọlé, ó sì lọ ká awọ ewúrẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń jókòó wá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo nà án. Kò mọ ohun tí mo torí ẹ̀ nà án. Ó kàn ń wò mí lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ fún wa pé tí sáà yẹn bá ti parí, ká má dá a padà wá mọ́, nítorí kò sí ohun tí wọ́n kọ́ ọ tó wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí bàbá rẹ̀ pinnu. Ó ní, "Tí ilé-ìwé bá ti parí, Ẹ̀rínjiyàn ló ń lọ. Ìyá mi á mú un lọ sóko. Kò dìgbà téèyàn bá gbọ́ràn kó tó lè ṣa kòkó."

Mo sunkún títí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi! Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo lè béèrè. Mo kàn ń sọ pé, "Jésù, ìwọ tí o fi ìka bọ adití létí, tèmi rèé o."

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ yẹn ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Mo gbé àwo búrẹ́dì lé Ṣadé lórí pé kó gbé e sọdá fún àwọn èrò tó wà ní òdìkejì títì. Lọ́rì kan ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Ìtawúrẹ́. Dírẹ́bà fun fèrè. Pẹ́ẹ̀! Pẹ́ẹ̀! Ọmọ ò wẹ̀yìn. Ó fun un títí, ọmọ ń lọ jẹ́jẹ́ ní àárín títì pẹ̀lú búrẹ́dì lórí. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ohun tí mo rí kẹ́yìn kí n tó dijú ni imú lọ́rì náà.

Ẹ̀yin ará, dírẹ́bà yẹn ya wọnú igbó. Pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ já lulẹ̀, gbìì! Nígbà tí mo lajú, Ṣadé dúró sójú kan, ó yíjú sẹ́yìn, búrẹ́dì ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹyọ kan ò bọ́. Ẹ yin Olúwa!

Dírẹ́bà bẹ́ sílẹ̀, inú ń bí i, ó ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá ọmọ náà létí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde láti iwájú ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ dúró ná, dírẹ́bà. Ṣé ẹ ò rí i ni? Kò gbọ́ fèrè yín. Àmọ́ nígbà tí pákó já lulẹ̀, ó yíjú."

Dírẹ́bà ní, "Tísà, adití ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Tísà bọ́ sẹ́yìn Ṣadé, ó súfèé. Ọmọ ò mira. Ó wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ara lọ́rì, gbù. Ọmọ yíjú wéré. Ó súfèé lẹ́ẹ̀kejì, kò mira. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Kí lorúkọ rẹ?" Ṣadé wo ẹnu rẹ̀, ó ní, "A-é." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wò mí. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín kì í ṣe adití, kì í sì í ṣe olóríkunkun. Ó ń gbọ́. Ohùn tó bá nípọn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá tín-ín-rín, kì í dé ibẹ̀ rárá. Ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ohun tó ń gbọ́ náà ló ń sọ padà fún yín. Aṣọ àti awọ, ọ̀kan náà ni létí rẹ̀."

Aṣọ àti awọ! Ta ló sọ fún un? Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ awọ ewúrẹ́ fún ẹnì kankan! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sójú títì yẹn, ara mi bù máṣọ. Lọ́rì mẹ́ta ló ti kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà kí tirẹ̀ tó dé. Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn?

Tísà Délé lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ìjerò ni, òkè òkun ló ti kọ́ṣẹ́ nípa iná àti ohùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀ ni. Àpótí ńlá kan wà nínú lọ́rì yẹn, tirẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀rọ kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sintẹsáísà. Ó ní fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà máa ń dá ohùn, bíi dùùrù tí kò ní fèrè nínú. Àmọ́ ihò kan wà lára rẹ̀ téèyàn lè gbà fi ohùn mìíràn wọlé. Ohùn tó bá wọlé, ẹ̀rọ á sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, á yọ èyí tí a ò fẹ́, á sọ tín-ín-rín di nípọn. Ó ní, "Ẹ mú un wá ní Sátidé. Mi ò ṣèlérí o. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá, arábìnrin kan ní kí n ṣọ́ra, pé ohùn tí kò ní ọ̀fun, ta ló mọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù bà mí. Mo tọ Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, Jésù fi itọ́ po amọ̀, ó fi ṣiṣẹ́. Wáyà wá ni kò ní lè lò? Ẹ gbé ọmọ lọ." Wọ́n gbàdúrà lé wa lórí.

Sátidé àkọ́kọ́, ẹkún ni. Ẹ̀rọ náà tó kọ́bọ́ọ̀dù, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, wáyà so kọ́ ara wọn bí ìfun ẹran. Tísà fi nǹkan méjì tí wáyà so mọ́ ẹ̀rọ dé Ṣadé létí, bí ohùn ṣe wọlé báyìí, ó fà á yọ, ó sá sábẹ́ tábìlì. Sátidé kejì, jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé kọ̀, kò ṣiṣẹ́. A fẹsẹ̀ rìn padà síbi tí a ti ń wọkọ̀.

Sátidé kẹta, sáà ti parí. Bàbá Ṣadé ti di ẹrù ọmọ. Ó ní, "Mo ń bá yín lọ lónìí. Tá a bá kúrò níbẹ̀, Ẹ̀rínjiyàn la kọjá sí." Kí n tó kúrò ní ulé (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ilé ni wọ́n kọ́ wa ní súkúù, àmọ́ ulé ni ìyá mi kọ́ mi), mo fi ojú bolẹ̀, mi ò lè gbàdúrà. Orúkọ Jésù nìkan ni mò ń pè.

A dé ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Tísà Délé rọra yí bọ́tìnnì kan, ó yí òmíràn, ó fi nǹkan etí náà dé etí ara rẹ̀ ná kó tó fi dé ọmọ létí. Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣadé ò sá. Tísà gbé gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ọmọ mi." Ẹ̀yin ará! Ohùn tó jáde láti ara ẹ̀rọ yẹn, bí ohùn bàbá arúgbó tó wà nísàlẹ̀ kànga ni. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn mi. Irun orí mi dìde. Díẹ̀ ló kù kí n ju nǹkan ọwọ́ mi nù. Tísà ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin náà ni. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn fún un."

Mo ní, "Awọ." Ṣadé ń wò mí. Mo ní, "Aṣọ."

Ọmọ náà gbé orí sókè. Mo tún un sọ. Awọ. Aṣọ. Ó na ìka kan, ó tún na ìkejì. Méjì ni wọ́n! Ó ti mọ̀ pé méjì ni wọ́n!

Mo wá ní, "Ṣadé."

Mi ò lè ṣàlàyé ojú ọmọ yẹn fún yín. Ó dà bí ẹni tó ṣí yàrá kan nínú ilé ara rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó pa eyín pọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn jáde láàrin wọn, kò bọ́ sí i. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó tún fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣ... Ṣa-é." Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń pe ọmọ yìí, ọjọ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bàbá Ṣadé, ọkùnrin tí mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí, ó rìn wá, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ṣadé, bàbá rẹ nìyí. Má bínú." Ọmọ náà dìde pẹ̀lú wáyà létí, ó lọ fi ìka kan bàbá rẹ̀ lẹ́nu, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e mọ́ra. Nígbà tí a jáde, ó gbé ẹrù ọmọ lé èjìká, ó ní kí á wá ọkọ̀ Aràmọkọ. Kò dárúkọ Ẹ̀rínjiyàn mọ́.

Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ẹ̀rọ náà ò wo etí rẹ̀ sàn. Tísà sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò lè gbé e káàkiri. Àmọ́ gbogbo Sátidé ọdún tó kọjá ni a fi lọ sí Ìjerò. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ àwọn ohùn tí kò gbọ́ rí, tó sì ń wò ó bí ẹnu ṣe ń ṣe é. Ní báyìí, tí kò bá tiẹ̀ gbọ́ ọ, ó ń rí i lẹ́nu yín. Ó ti padà sí ilé-ìwé, iwájú ni wọ́n fi í sí. Ó ń kàwé sókè fún mi níbi tí mo ti ń po ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, òótọ́ ni. Ta ló wá fi ẹ̀rọ sínú lọ́rì? Ta ló yí ọwọ́ dírẹ́bà sínú igbó? Ta ló fi ọ̀rọ̀ awọ sí ẹnu àlejò? Ẹ bá mi fi ògo fún un!

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi jókòó. Tí ìsìn bá parí, ẹ má sáré lọ. Ṣadé á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má pariwo sí i, ẹ má gbá a lórí kọjá bí ẹ ti ń ṣe. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí ẹnu yín, kí kálukú sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàrin yín ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì mọ orúkọ ẹnì kankan nínú yín. Á pè é padà fún yín. Ẹ fi ìyẹn bá mi yọ̀.