Ohùn Lábákẹ́ tí Mo Gbé Síta

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wò mí láti ọdún méjì sẹ́yìn, ojú mi rèé lónìí. Mujeebat lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Basawa, ní Zaria, èmi náà sì ni ẹ ń pè ní Àǹtí Oníbòjú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì, ó kọ̀, kò dà nínú mi. Mi ò lè jókòó tì í mọ́. Bí mo bá dìde, ó dìde. Bí mo bá kírun, òun ni mò ń kà sínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Èébú náà tọ́ sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, Ọlọ́run ló mọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ wa kò mọ nǹkan kan nípa ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ti lé lógún ọdún á jókòó síwájú mi, á ní wọ́n sọ fún òun pé ẹni tó bá ti fi omi iyọ̀ fọ ara lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò lè lóyún, kò sì lè kó àrùn. Ojú ń ti àwọn ìyá wọn láti sọ ọ́, ojú ń ti àwọn olùkọ́. Mo bá da ìbòjú bojú, mo gbé fóònù ka ojú fèrèsé, mo ń fi Yorùbá tó lú mọ́ Hausa ṣàlàyé nǹkan oṣù, kọ́ńdọ̀mù àti àrùn ìbálòpọ̀, ní ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ ń kọ̀wé sí mi pé, "Àǹtí, Allah ya saka da alheri, Ọlọ́run á fi oore san án fún yín." Inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yé kọ́ ni mò ń wá mọ́. Iye ẹni tó wò ó ni. Nígbà tí iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ara mi ò balẹ̀. Mò ń rìn káàkiri yàrá bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù.

Àsìkò yẹn ni Ọmọ́lábákẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ Àǹtí Sarat ni, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Sabon Gari, ẹni tó gbà mí bí àbúrò láti ọjọ́ tí mo ti dé Zaria. Muchia ni Lábákẹ́ ń gbé, òun àti Fọláyan ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Kàbbà. Kò mọ̀ pé èmi ni Àǹtí Oníbòjú. Nọ́ọ̀sì ìdílé wọn ló mọ̀ mí sí. Fóònù tirẹ̀ bàjẹ́, ti Fọláyan ló fi gba ohùn náà sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Mujee, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́. Abẹ́ ń yún mi, wallahi, bí ẹni jókòó sínú yèrèpè. Jàmíù ló kó o ràn mí. Mo ní ká jọ lọ gba ìtọ́jú, ó ní táyà tí òun ń tà ò jẹ́ kí òun ráyè. Ìgbéyàwó wa sì rèé lẹ́yìn Iléyá. Kí ni kí n ṣe?" Mo fèsì pé kó fọkàn balẹ̀, kó wá rí mi ní Mọ́ńdè. Kí Mọ́ńdè tó dé, mo ti gbé ohùn rẹ̀ sínú fídíò. Mo sọ ohùn náà di ti ọkùnrin, mo gé orúkọ tèmi àti ti Jàmíù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kúrò, mo sì tan ara mi pé kò sẹ́ni tó máa dá a mọ̀. Ó yẹ kí n gé yèrèpè, kí n gé táyà, kí n gé Iléyá. Mo ti fọwọ́ lé e. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí i pé ibẹ̀ gan-an ló dùn. Mo fi í sílẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ẹ ń pè ní olùkọ́!

Láàárín ọjọ́ méjì, gbogbo Samaru, àdúgbò yunifásítì, ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Jàmíù obìnrin gbọ́ ọ, ó ní, "Ta ló tún máa ń dárúkọ yèrèpè báyìí bí kì í bá ṣe Lábákẹ́?" Jàmíù yí i padà, ó ní ọmọ náà ló kó àrùn wá bá òun, ó tú ìgbéyàwó ká. Àǹtí Sarat mú Lábákẹ́ wá sílé mi, kò tilẹ̀ rántí wé gèlè. "Mujee, ta ló ṣe wá báyìí?" Lábákẹ́ tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí." Mo ní, "Haba, Lábákẹ́! Èmi tí mo búra iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Fóònù ta lo fi gbà á sílẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ní, "Fọláyan?" Mo rọra ní, "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o." Irọ́ ni. Mo ti dárúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ẹrù Fọláyan síta, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó pariwo títí pé ohùn náà wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́ jù mí lọ? Ó wá kọ̀wé sí Àǹtí Oníbòjú, kò mọ̀ pé èmi náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹni tó fún yín ní ohùn yẹn. Wọ́n ní èmi ni. Ọ̀rẹ́ mi ò kí mi mọ́, mi ò lè wọ kíláàsì." Mi ò dá a lóhùn. Ó tún kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ń di ẹrù lọ sí Kàbbà, òun ò ní ṣe ìdánwò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi ì bá gbà á sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo dènà rẹ̀ lórí ìkànnì náà, kí ẹkún rẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ṣe fídíò lórí bí ọ̀rẹ́ ṣe yẹ kó máa pa àṣírí ọ̀rẹ́ mọ́, ẹ sì yìn mí. Nínú gbogbo ìwà mi, èyí ló burú jù. Ní ti àkọ́kọ́, mo lè sọ pé ojúkòkòrò ló gùn mí. Ní ti èyí, ojú mi là kedere.

Oṣù méjì kọjá. Àǹtí Sarat pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé inú ń run Lábákẹ́, kò lè nàró. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Shika. Dókítà bi í pé, "Kí ló dé tí o ò tètè wá?" Ó wo fóònù tó wà lórí tábìlì dókítà, ó ní, "Mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má tún gba ohùn mi sílẹ̀." Dókítà gbé fóònù rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ó ní àrùn náà ti gùn dé ilé ọmọ. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì lè ṣèlérí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Mo rántí Mọ́ńdè tí mo dá fún un. Kò wá, mi ò sì béèrè. Èmi tí mò ń kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pé irú àìsàn yìí kì í dúró deni!

Bí a ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tí ìyá rẹ̀ lọ ra oògùn, Lábákẹ́ di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí ṣẹlẹ́yà." Mo fa ọwọ́ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Mo ní, "Lábákẹ́, èmi ni Àǹtí Oníbòjú." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo ṣí fóònù hàn án. Kò ké, kò lù mí. Ó kàn ní, "Ẹ pe Fọláyan." Mo pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo bú ara mi ni, tí ẹ fi ń sọ fún èmi? Ẹ lọ sọ fún àwọn tó bú mi." Ó pa ìpè náà.

Ìdí tí mo fi ṣí ìbòjú lónìí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ pe Fọláyan ní ọ̀dàlẹ̀, irọ́ mi lẹ gbà gbọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo ń retí ohun tí wọ́n máa ṣe fún mi. Àǹtí Sarat ní kí n má dé ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tìtorí tèmi dákẹ́. Ara yín ni. Ẹ béèrè, ẹ lọ jókòó níwájú ẹni tí ẹ lè wò lójú, ẹ sì tètè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni bíi tèmi, ìrora ẹlòmíì kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi pe èrò. Lábákẹ́ ṣì wà lórí oògùn. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bẹ ìyá rẹ̀. Mo ń pe Fọláyan lójoojúmọ́, kò gbé e. Mi ò ní sọ fún un pé kó yára dárí jì mí.