Ibi Tí Mo Gé Nínú Fídíò Ìyá Sàídì

Òótọ́ máa jáde lẹ́nu mi lónìí, ẹni tó bá sì fẹ́ bú mi, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ọdún 2000, tí wọ́n ní ó máa dojú gbogbo kọ̀ǹpútà rú, ló lé mi wá sí Bẹyẹrunkà. Kò sẹ́ni tó lé mi. Èmi Hezekiah Onífídíò, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wá láti Òkè Pádre, nítorí mo gbọ́ pé Àǹtí Àtọ́kẹ́ tó jókòó yìí kò lo oògùn àìsàn tó ń ṣe wọ́n mọ́, wọ́n ní kí ni àwọn ń tọ́jú ara fún, nígbà tí àwọn ò ní ojú tí àwọn máa fi wo Ìyá Sàídì lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Èmi ni mo fà á.

Gbogbo yín lẹ mọ Ìyá Sàídì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Àǹtí Àtọ́kẹ́. Ẹ sì mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ tí ọkọ Ìyá Sàídì kú, Àǹtí nawọ́ sí i lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n ní, "Ìwọ lo pa ẹ̀gbọ́n mi!" Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí Ìyá Sàídì ń múra Mẹ́kà lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n wá fi kámẹ́rà gba ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, bóyá òun ò ní padà. Àǹtí ti sá lọ sí Òjé lọ́jọ́ náà. Èmi àti ìyá nìkan la wà nínú yàrá. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ilé, ó ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò padà lóòótọ́, Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí. Ni Sàídì ọmọ rẹ̀ bá ní kí n bá òun sọ kásẹ́ẹ̀tì náà di sídì, kí gbogbo ilé lè wò ó níbi fídáù.

Mo ṣe sídì, mo gbé e sínú ẹ̀rọ. Ó ń lọ geere títí ó fi dé ibì kan, ojú ìyá bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹnu dúró gbagidi, ohùn ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú. Mo fi sípíríìtì nu ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ sídì. Ibẹ̀ náà ló tún há sí. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì gan-an sí tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ kedere! Ìgbà náà ló yé mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń gba àwòrán náà wọlé, géèmù bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá lórí rẹ̀. Ibi tí mo ti gbá góòlù wọlé ni àwòrán ti fọ́. Ẹ pòṣé bó bá wù yín. Ó yẹ kí n gbà á wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀la ni fídáù, iná ò sì dúró. Mo tẹ́tí sí ibẹ̀ kí n tó gé e. Ìyá ń bá ẹnì kan tó ń jẹ́ Ìdílẹ̀kẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ orúkọ náà rí, mo rò pé ìbátan ọ̀nà jíjìn kan ni. Mo gé e, mo lẹ méjèèjì pọ̀, ẹnikẹ́ni ò fura.

Lẹ́yìn fídáù, Àǹtí Àtọ́kẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, "Onífídíò, ìwọ lo wà nínú yàrá. Ṣé ìyàwó wa dárúkọ mi?"

Mo ní, "Àǹtí, wọn ò dárúkọ yín."

"Kódà kó fi mí gégùn-ún?"

"Wọn ò dárúkọ yín rárá, mà."

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi ìborùn bojú. Irọ́ kọ́ ni mo pa o! Títí di ìsinsìnyí mo lè búra pé ìyá ò dárúkọ yín.

Kò pẹ́ sí i ni Olúbùnmi àbúrò mi wá kí wa. Fọláṣadé ìyàwó mi ké láti ilé ìdáná pé, "Eyínfúnjowó, ẹ káàbọ̀!" Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ ẹni tó bá nínú ilé, orúkọ tó fúnra rẹ̀ sọ wọ́n ló fi ń pè wọ́n. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orí mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí mò ń gé fídíò. Mo wá Sàídì lọ, mo dọ́gbọ́n bi í ta ló ń jẹ́ Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí Àtọ́kẹ́ ni. Ìyá mi nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó jà."

Kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ó yẹ kí n sáré gbé e wá síbí. Ṣùgbọ́n mo ro ẹnu aráyé, wọ́n á ní Hezekiah ń gé ọ̀rọ̀ òkú, ta ló máa gbé iṣẹ́ fún mi mọ́? Mo fi sẹ́lótéèpù bo ihò ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kó lè gba àwòrán tuntun, mo gba ìgbéyàwó ẹlòmíì lé e lórí. Mo jókòó tì í títí ó fi parí. Kì í ṣe èṣù, kì í ṣe ọtí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Sàídì, sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bó o bá lù mí kí n tó sọ ọ́, ìwọ lo máa pàdánù. Àǹtí, bí ìyá ṣe sọ ọ́ rèé: "Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yìí, ọmọdé ni yín, ẹ̀yin lẹ bu omi fún mi mu. Mo ti forí jì yín tipẹ́. Bí mo bá dé, ẹ wá bá mi jẹun."

Ó tán. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, Àǹtí, lọ́wọ́ yín nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ lù mí kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kó rọra ṣe ẹnu mi, nítorí bí Àǹtí bá tún fẹ́ gbọ́ ọ lọ́la, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè gbọ́ ọ mọ́.