Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Ń Fi Dáìsì Bẹ̀

Ìgbà tí egungun mi ṣì le, ní Yaba níbí, a máa ń ṣe eré kan lọ́sàn-án Sátidé... Kẹ́mi, ṣé fóònù yẹn ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa. Àwa mẹ́rin ni, tíṣà ni gbogbo wa. Ìyá rẹ, àbúrò mi, ló máa ń gbé mínírà wá fún wa. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwa yòókù á máa ṣe bí èèyàn inú ìtàn ọ̀hún. Èmi, ọdẹ ni mí. Ẹ̀gbọ́n Tájù, oníṣòwò ni. Dáìsì olójú ogún kan ṣoṣo la ní, àfi tí ìjà bá dé ká tó jù ú.

Ẹ gbọ́ o. Tí oníbodè bá ní ẹ ò ní wọ̀lú, kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹnu lẹ ó fi bẹ̀ ẹ́! Ẹ̀gbọ́n Tájù á dìde nínú pálọ̀, á ṣí fìlà, á ní, "Bàbá oníbodè, ẹ má wo ẹnu mi, ẹ wo ẹsẹ̀ mi, ẹ wo bó ṣe wú." Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀ títí tí ẹni tó ń sọ ìtàn fi ń nu ojú. Ẹni yẹn ti kú, ì bá jẹ́rìí sí i.

Báyìí ńkọ́? Ìwọ Kẹ́mi lo gbé ẹ̀dà tuntun eré ọ̀hún dé, ìwé tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. O ní ọdẹ mi ò lè wọ inú ẹ̀, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì, kí n padà sí jẹ́lé-ó-sinmi? Ta ló ní kí wọ́n tún un ṣe? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Èyí tó dùn mí ni pé Ẹ̀gbọ́n Tájù bá ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ sídìí eré tuntun yẹn. Àwa méjì péré ló kù. Ó ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ara ẹ̀ ti yá. Tí mo bá pè é, kò ní gbé e. Á wá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ara mi le. Máa bọ̀ níbi eré." Mo ní hẹn, ó ti rí àwọn ọmọdé, ó ti jù mí nù. Mi ò pè é mọ́.

Sátidé tó kọjá, mo lọ bá yín ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣeré, kí n fojú ara mi rí i. Ó kàn mi orí sí mi. Mo ní ìgbéraga nìyẹn. Mo jókòó sẹ́yìn, mi ò fọwọ́ kan dáìsì yín. Ẹ dé ẹnubodè nínú ìtàn yín. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ju dáìsì, ó ní òun ti bẹ oníbodè. Mo ní, "Kí lo sọ fún un?" Ó ní, "Àǹtí, méjìdínlógún ni mo jù." Ta ni wọ́n ń fi nọ́ńbà bẹ̀?

Ó wá kan Ẹ̀gbọ́n Tájù. Mo pariwo pé, "Ẹ dákẹ́, ẹ máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ gidi báyìí." Ó dìde. Ó ṣí fìlà. "Bà... bà..." Ẹnu ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò jáde. Àṣé àìsàn yẹn ti mú ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi. Kẹ́mi, ìwọ lo rọra fi dáìsì sí i lọ́wọ́. Ó jù ú. Mẹ́rìnlá. O ní, "Bàbá, oníbodè ti gbọ́. Ẹ máa wọlé."

Ojú tì mí... ojú tì mí gan-an.

Mo ṣì ń fura sí ìwé yẹn o, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá lẹ́nu, kó fi sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí ọ̀rẹ́ yín bá dákẹ́, ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa rò ó sí ibi. Ẹ dìde, ẹ lọ wò ó. Odidi ọdún kan ni mo fi bá ọkùnrin yẹn yan odì, kò sì lẹ́nu tó lè fi bẹ̀ mí.